Àmì Àfisí àti Àmì Àbímọ́: Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Lílo Káábọ̀nù láti Tọpasẹ̀ Èròjà inú Omi Òkun

1. Ìfáárà

Ẹrù tí ó wà léjìká ẹni tí ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-ìperí kò pin sí kí ọ̀rọ̀ dùn ún gbọ́ tàbí kí ó bá òfin gírámà mu. Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù ni kí ọ̀rọ̀ náà má ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà. Ọ̀rọ̀ tí yóò bá mú kí akẹ́kọ̀ọ́ gbà pé nǹkan rí bí kò ṣe rí, ó sàn kí a má dá a rárá, kí a kúkú yá ọ̀rọ̀ òkèèrè lò.

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ fi ẹ̀ka ìmọ̀ kan dán ìlànà yìí wò. Ẹ̀ka náà ni bí àwọn onímọ̀ òkun ṣe ń lo oríṣi káábọ̀nù mẹ́ta láti mọ bí oúnjẹ ti ń yára di ṣíṣe tó nínú òkun, láti mọ ibi tí ìyókù ohun ẹlẹ́mìí tí ó wà nínú omi ti ṣẹ̀ wá, àti láti mọ bí ó ti pẹ́ tó níbẹ̀. Ìdí tí a fi mú ẹ̀ka yìí ni pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni èdè Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe iṣẹ́ méjì tí ó yàtọ̀ síra níbẹ̀. Èrò wa ni pé Yorùbá ní ohun tí a lè fi ya iṣẹ́ méjèèjì sọ́tọ̀, àti pé bí a bá yà wọ́n, akẹ́kọ̀ọ́ yóò bọ́ lọ́wọ́ àṣìṣe kan tí ó lè ba gbogbo ìṣirò rẹ̀ jẹ́.

A ó kọ́kọ́ ṣàlàyé àwọn ohun tí a ń sọ̀rọ̀ lé lórí, a ó sì máa dábàá orúkọ fún wọn bí a ti ń lọ. Lẹ́yìn náà ni a ó wá kó àwọn ọ̀rọ̀ náà jọ sí ojú kan.

2. Ohun tí ó wà nínú omi òkun

Bí ènìyàn bá bu omi òkun sínú ife, tí ó sì gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ó má rí nǹkan kan nínú rẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀kẹ́ àìmọye ohun ẹlẹ́mìí ni ó wà nínú ife náà. Díẹ̀ nínú wọn ń ṣe iṣẹ́ tí ewé ń ṣe lórí ilẹ̀: wọ́n ń gba ìmọ́lẹ̀ oòrùn, wọ́n ń fa káábọ̀nù tí ó wà nínú omi, wọ́n sì ń fi méjèèjì ṣe oúnjẹ fún ara wọn. Nǹkan bí ìdajì gbogbo oúnjẹ tí a ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣe láyé lọ́dọọdún, inú òkun ni ó ti ń wá, ọwọ́ àwọn ohun kékeré wọ̀nyí sì ni ọ̀pọ̀ jù lọ rẹ̀ wà. Ẹranko wẹ́wẹ́ inú omi ń jẹ wọ́n, ẹja kékeré ń jẹ ẹranko wẹ́wẹ́, ẹja ńlá ń jẹ ẹja kékeré.

Orúkọ wo ni kí a pè wọ́n? Ní 1887, Victor Hensen, onímọ̀ kan ní ilẹ̀ Jámánì, mú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó túmọ̀ sí "alárìnkiri" láti fi pe gbogbo ohun ẹlẹ́mìí tí omi òkun ń gbé kiri. Bí a bá tẹ̀ lé e, ohun tí yóò kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn ni "ewéko aléfòó". A kò fara mọ́ ọn. Ọmọ Yorùbá tí ó bá gbọ́ "ewéko aléfòó", ojú-oró àti òṣíbàtà ni yóò rò: ohun tí ó ní ewé àti gbòǹgbò, tí ó tẹ́ sí ojú odò, tí ojú ń rí láti òkèèrè. Ohun tí a ń wí níhìn-ín kò ní gbòǹgbò, ojú lásán kò rí i, kì í sì í ṣe ojú omi nìkan ni ó máa ń wà. Ó wà nínú omi títí dé ìsàlẹ̀ ibi tí ìmọ́lẹ̀ lè dé. Nítorí náà, "ewéko àìfojúrí" ni a dábàá. Àwòkọ́ṣe ti wà fún un tẹ́lẹ̀, nítorí pé tàgbà tàwé ni ó mọ "kòkòrò àìfojúrí". Ẹnìkan lè wí pé púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe ewéko gidi, pé àwọn mìíràn sún mọ́ kòkòrò àìfojúrí ju ewéko lọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni a fi "ewéko" pè níhìn-ín, kì í ṣe ìran. Ẹni tí ó bá ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣe oúnjẹ, iṣẹ́ ewéko ni ó ń ṣe.

Ohun kejì tí ó ń fẹ́ orúkọ ni èròjà tí ó ti ara àwọn ohun ẹlẹ́mìí jáde: òkú wọn, ìgbẹ́ wọn, oje ara wọn, àti ìjẹkù. "Èròjà ẹlẹ́mìí" kò dára fún un, nítorí pé púpọ̀ nínú rẹ̀ kò ní ẹ̀mí mọ́. Ohun tí ó so gbogbo rẹ̀ pọ̀ ni pé láti ara ohun ẹlẹ́mìí ni ó ti wá. A dábàá "èròjà àtarawá", tàbí "àtarawá" ní ṣókí. Ọ̀nà méjì ni ó pín sí. Bí a bá fi asẹ́ tí ojú rẹ̀ há gidigidi sẹ́ omi òkun, èyí tí ó dúró sórí asẹ́ ni "àtarawá aláìyòrò". Èyí tí ó bá omi kọjá ni "àtarawá yíyòrò". Àtarawá yíyòrò ni ó pọ̀ jù. Káábọ̀nù tí ó wà nínú rẹ̀ káàkiri òkun ayé tó nǹkan bí bílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 660. Ìyẹn ju ìdá méjì nínú mẹ́ta káábọ̀nù tí ó wà nínú gbogbo afẹ́fẹ́ ayé lónìí lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí òkun ń ṣe sí ojú ọjọ́ ayé kò lè ṣe é kí ó má béèrè ibi tí irú ìṣúra bẹ́ẹ̀ ti wá.

3. Ajọnípò

Nínú kókó átọ́ọ̀mù káábọ̀nù kọ̀ọ̀kan, pírótọ́ọ̀nù 6 ni a máa ń bá. Iye yìí kì í yí padà, nítorí òun ni ó sọ ọ́ di káábọ̀nù. Niútírọ́ọ̀nù ni iye rẹ̀ lè yàtọ̀: ó lè jẹ́ 6, ó lè jẹ́ 7, ó sì lè jẹ́ 8. Bí a bá ro pírótọ́ọ̀nù àti niútírọ́ọ̀nù pọ̀, a ó ní káábọ̀nù-12, káábọ̀nù-13 àti káábọ̀nù-14. Nínú káábọ̀nù ayé, káábọ̀nù-12 jẹ́ nǹkan bí 98.9 nínú ọgọ́rùn-ún, káábọ̀nù-13 sì jẹ́ nǹkan bí 1.1. Káábọ̀nù-14 ṣọ̀wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé nínú afẹ́fẹ́, nǹkan bí ẹyọ kan ṣoṣo ni a ó bá láàárín átọ́ọ̀mù káábọ̀nù tírílíọ̀nù kan.

Ní 1913 ni Frederick Soddy, onímọ̀ kẹ́mísírì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fún irú àwọn átọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ ní orúkọ tí a mọ̀ wọ́n sí kárí ayé. Margaret Todd, obìnrin dókítà ọmọ ilẹ̀ Scotland tí ó tún jẹ́ òǹkọ̀wé, ni ó fi ọ̀rọ̀ náà lọ̀ ọ́. Láti inú èdè Gíríìkì ni ó ti mú un, "ipò kan náà" sì ni ìtumọ̀ rẹ̀, nítorí pé ipò kan ṣoṣo ni gbogbo wọn jókòó sí nínú tábìlì àwọn èròjà ìpìlẹ̀, bí ìwúwo wọn tilẹ̀ yàtọ̀.

Ó lè wu èèyàn láti pe wọ́n ní "ìbejì átọ́ọ̀mù". Ọ̀rọ̀ náà fani mọ́ra, ṣùgbọ́n ó ń ṣini lọ́nà lẹ́ẹ̀mejì. Ìbejì jẹ́ méjì, bẹ́ẹ̀ ni oríṣi káábọ̀nù tí a ń wí jẹ́ mẹ́ta. Èkejì, inú kan náà ni ìbejì ti jáde lẹ́ẹ̀kan náà; àwọn átọ́ọ̀mù wọ̀nyí kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé káábọ̀nù-12 ti wà kí ayé tó wà, nígbà tí káábọ̀nù-14 ń di dídá lójoojúmọ́ ní òkè afẹ́fẹ́, níbi tí ìtànṣán láti òfurufú ti ń sọ náítírójìn di káábọ̀nù. A dábàá "ajọnípò": àwọn tí wọ́n jọ ní ipò kan. Ó bá ọ̀nà tí a fi ṣẹ̀dá "ajọgbé" mu, ó sì sọ ohun tí Todd ní lọ́kàn gan-an.

Káábọ̀nù-12 àti káábọ̀nù-13 kì í yí padà. "Ajọnípò aláìyẹ̀" ni wọ́n. Káábọ̀nù-14 ń tú ìtànṣán jáde díẹ̀díẹ̀, ó sì ń padà di náítírójìn. "Ajọnípò onítànṣán" ni. Bí a bá kó iye kan jọ lónìí, ìdajì rẹ̀ ni yóò kù lẹ́yìn ọdún 5,730. A kò gbọdọ̀ pè é ní "ajọnípò olóró". Káábọ̀nù-14 wà nínú iṣu tí a jẹ lánàá, ó wà nínú ẹran ara ẹni tí ń ka ìwé yìí, kò sì pa á. Bí a bá pè é ní olóró, ẹ̀rù ni a fi kọ́ akẹ́kọ̀ọ́, a kò kọ́ ọ ní ìmọ̀.

4. Ìyànláàyò

Bí ewé bá ń fa káábọ̀nù, kì í fa àwọn ajọnípò ní ọgbọọgba. Ẹ́ńsáìmù tí ó ń mú káábọ̀nù wọ inú oúnjẹ, èyí tí a ń pè ní Rubisco, a máa tètè mú káábọ̀nù-12 tí ó fúyẹ́, a sì máa lọ́ra láti mú káábọ̀nù-13 tí ó wúwo díẹ̀. Nítorí náà, káábọ̀nù-13 tí ó wà nínú ara ewéko máa ń dín sí èyí tí ó wà nínú afẹ́fẹ́ tàbí omi tí ó ti fà á.

Orúkọ tí èdè Gẹ̀ẹ́sì fún ìṣẹ̀lẹ̀ yìí wá láti ara ọ̀rọ̀ "ìdá" tàbí "ìpín". Bí a bá tú u bẹ́ẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ yóò rò pé ńṣe ni a pín nǹkan sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí káábọ̀nù-12 lọ sí apá kan, tí káábọ̀nù-13 sì lọ sí apá kejì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Méjèèjì ni ó wọlé, ṣùgbọ́n a fi ọ̀kan ṣe ààyò. A dábàá "ìyànláàyò". Nínú ilé olórogún, bí ọ̀kan tilẹ̀ jẹ́ ààyò, a kì í fi oúnjẹ du àwọn yòókù. Ohun tí ó wà níbẹ̀ ni pé wọn kò rí i gbà bákan náà.

Àpèjúwe yìí tún wúlò ní ọ̀nà kejì. Bí oúnjẹ bá pọ̀ rẹpẹtẹ, ẹni tí ń ṣàyàn lè ṣàyàn dáadáa. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ àwo kan ṣoṣo ni a gbé fún un, tí ó sì gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́ tán, àyàn kò sí mọ́. Gbogbo ohun tí ó wà nínú àwo ni yóò bá nínú ikùn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó rí fún ewéko. Àgbàdo, ọkà bàbà, ìrèké, eèsún àti ẹ̀kan ní ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń ti káábọ̀nù mọ́ inú ewé kí Rubisco tó ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Hatch àti Slack ni ó ṣàlàyé ọ̀nà náà ní ilẹ̀ Australia ní 1966. Nítorí pé díẹ̀ ni ó ń jò padà síta nínú káábọ̀nù tí a tì mọ́lé, ìyànláàyò wọn kéré. Iṣu, ẹ̀gẹ́, ìrẹsì, ọ̀pẹ àti ọ̀pọ̀ igi igbó kò ní ọ̀nà yìí. Ìyànláàyò wọn pọ̀.

Ti ewéko àìfojúrí náà kò dúró sójú kan. Nínú omi tútù lẹ́bàá Antarctica, níbi tí afẹ́fẹ́ káábọ̀nù ti ń yòrò púpọ̀, àyè àtiṣàyàn gbòòrò. Nínú omi gbígbóná, tàbí níbi tí wọ́n ti ń pọ̀ sí i kíákíá tí wọ́n sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fa káábọ̀nù tí ó wà nítòsí tán, àyè náà há.

5. Òṣùwọ̀n àti ọgbọ́n "dín"

Ìyàtọ̀ tí ìyànláàyò ń mú wá kéré púpọ̀, nítorí náà a kì í kà á ní iye átọ́ọ̀mù. Ńṣe ni a ń fi í wé òṣùwọ̀n kan. Òṣùwọ̀n àkọ́kọ́ ni ẹfun ara ẹran omi ayé àtijọ́ kan tí ó ti di òkúta, tí a hú jáde nínú ilẹ̀ Pee Dee ní South Carolina, ní Amẹ́ríkà. Harmon Craig ṣe àlàyé ìṣirò rẹ̀ ní 1957. Òkúta náà ti tán, ṣùgbọ́n a ṣì ń lo òdiwọ̀n rẹ̀.

Kí a mú un pé nínú òṣùwọ̀n, káábọ̀nù-13 tí ó wà fún mílíọ̀nù káábọ̀nù-12 kan jẹ́ 11,200. Bí a bá wọn ara ewéko àìfojúrí kan tí a sì bá 10,976, ó fi 224 dín sí òṣùwọ̀n. Ìdá ogún nínú ẹgbẹ̀rún 11,200 ni 224. Àwọn onímọ̀ a kọ ọ́ báyìí: −20. A dábàá "ìyàtọ̀ nínú ẹgbẹ̀rún" fún iye yìí.

Ibí yìí ni akẹ́kọ̀ọ́ tí ń kà á ní èdè òkèèrè máa ń kọsẹ̀. Ó rí àmì ìyọkúrò, ó rò pé káábọ̀nù-13 kò sí níbẹ̀ rárá, tàbí pé ó kéré sí òfo. Akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá kò ní ìdí láti kọsẹ̀ níbẹ̀. Ètò òǹkà wa ti fi kọ́ ọ láti kékeré pé a lè dárúkọ iye kan nípa sísọ bí ó ti dín sí òmíràn: ẹni tí ó ní ẹyin mẹ́tàdínlógún kò ní òfo, mẹ́ta ni ó fi dín sí ogún. Nítorí náà, kí a má ṣe ka −20 ní "ìyọkúrò ogún". Kí a kà á báyìí: "ó fi ogún nínú ẹgbẹ̀rún dín". Bí ó bá sì jẹ́ +1, kí a wí pé "ó fi ọ̀kan nínú ẹgbẹ̀rún lé".

Bí a bá lo òdiwọ̀n yìí, ohun tí a ń bá nínú ayé nìyí. Káábọ̀nù tí ó yòrò nínú omi òkun lásán, tí kì í ṣe àtarawá, kò jìnnà sí òṣùwọ̀n. Ó máa ń wà láàárín 0 àti +2. Ewéko àìfojúrí òkun máa ń fi nǹkan bí 18 sí 24 dín, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí tí ó wà lẹ́bàá Antarctica lè fi 28 dín tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iṣu, ọ̀pẹ àti igi igbó a máa fi nǹkan bí 27 dín. Àgbàdo, ìrèké àti ẹ̀kan a máa fi nǹkan bí 13 péré dín.

6. Àmì àfisí

A wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ wa ń lọ. Ẹni tí ó ra adìẹ lọ́jà, tí ó fẹ́ dà á pọ̀ mọ́ adìẹ àdúgbò, a máa so àkísà mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Bí ó bá rí àkísà náà ní ìrọ̀lẹ́, kò sí ìjiyàn: adìẹ rẹ̀ nìyẹn, nítorí òun ni ó so ó. Irú àmì bẹ́ẹ̀ ni a dábàá láti pè ní "àmì àfisí".

Sam Ruben àti Martin Kamen ṣàwárí káábọ̀nù-14 ní Berkeley, ní California, ní 1940. Einer Steemann Nielsen, ọmọ ilẹ̀ Denmark, ni ó sọ ọ́ di ohun ìwọn iṣẹ́ ewéko àìfojúrí. Inú ọkọ̀ Galathea, tí ó yí ayé po láàárín 1950 sí 1952, ni ó ti lò ó, ó sì tẹ ọ̀nà náà jáde ní 1952. Ọ̀nà náà kò díjú. A ó bu omi òkun sínú ìgò, a ó fi ìwọ̀nba káábọ̀nù-14 tí a mọ iye rẹ̀ sí i. A ó fi ìgò kan sínú ìmọ́lẹ̀, a ó bo èkejì kí ìmọ́lẹ̀ má wọ̀ ọ́. Lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, a ó sẹ́ omi náà, a ó sì ka ìtànṣán tí ń jáde lára ohun tí ó dúró sórí asẹ́. A ó yọ ti ìgò òkùnkùn kúrò nínú ti ìgò ìmọ́lẹ̀. Ohun tí ó bá ṣẹ́kù ni iṣẹ́ ìmọ́lẹ̀.

Kí a ro ó pé ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún àmì tí a fi sí i ni a bá lórí asẹ́. Ìyẹn fi hàn pé ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún káábọ̀nù omi náà ni ewéko àìfojúrí fà. Bí káábọ̀nù tí ó yòrò nínú lítà omi kan bá jẹ́ mílígíráàmù 24, mílígíráàmù 0.024 ni wọ́n fà. Ṣùgbọ́n ìyànláàyò kò jẹ́ kí ìṣirò parí síbẹ̀. Káábọ̀nù-14 wúwo ju káábọ̀nù-12 lọ, a sì ń fà á ní ìwọ̀n tí ó dín ní nǹkan bí 5 nínú ọgọ́rùn-ún. Nítorí náà ni a ṣe ń sọ èsì di ìlọ́po 1.05, tí yóò fi di 0.0252.

Ìbéèrè tí àmì àfisí ń dáhùn ni: báwo ni iṣẹ́ ti ń yára tó? Kò lè sọ ibi tí ohun tí ó ti wà nínú omi kí a tó dé ti wá, nítorí pé a kò tíì so àkísà mọ́ ọn nígbà náà.

7. Àmì àbímọ́

Adìẹ tí a kò so nǹkan mọ́ lẹ́sẹ̀ ṣì ní àwọ̀ ìyẹ́ tí a bí i mọ́. Olówó rẹ̀ lè fi àwọ̀ náà mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bí aládùúgbò bá ní adìẹ tí àwọ̀ rẹ̀ rí bákan náà, àwọ̀ nìkan kò tó fún ẹ̀rí mọ́. Irú àmì yìí ni a dábàá láti pè ní "àmì àbímọ́". Ìyàtọ̀ nínú ẹgbẹ̀rún tí ìyànláàyò fi sí ara ewéko jẹ́ àmì àbímọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí a ti ń lò ó. Kí a ro ó pé ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun nítòsí ẹnu odò kan ní àtarawá tí ó fi 22 dín. Ewéko àìfojúrí ibẹ̀ ń fi 20 dín. Ewé igbó tí odò ń wọ́ wá ń fi 28 dín. Àlàfo àárín méjèèjì jẹ́ 8. Ẹrẹ̀ náà ti kúrò lọ́dọ̀ ti òkun pẹ̀lú 2. Ìdá 2 nínú 8 jẹ́ ìdá mẹ́rin kan. Nítorí náà a ó sọ pé ìdá kan nínú mẹ́rin àtarawá inú ẹrẹ̀ náà wá láti orí ilẹ̀, ìdá mẹ́ta sì wá láti inú òkun.

Ìṣirò yìí dára bí ó bá jẹ́ pé igbó nìkan ni odò ń gbà kọjá. Bí ó bá gba ilẹ̀ ọ̀dàn kọjá ńkọ́, níbi tí koríko bí ẹ̀kan àti eèsún ti pọ̀? Kí a ro ó pé ìdajì ohun tí odò ń gbé jẹ́ ewé igi tí ó fi 28 dín, ìdajì kejì sì jẹ́ koríko tí ó fi 12 dín. Àròpín wọn fi 20 dín. Iye tí ewéko àìfojúrí òkun ní gan-an nìyẹn! Odò lè kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún tọ́ọ̀nù wọ inú òkun, onímọ̀ yóò sì búra pé òkun ni ó ṣe gbogbo rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àròsọ. Ní 1997, Goñi, Ruttenberg àti Eglinton tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí òkun tí odò Mississippi ń ṣàn sí, ní gúúsù Amẹ́ríkà. Wọ́n fi hàn pé àtarawá tí ó ti ara koríko ilẹ̀ ọ̀dàn wá wà nínú ẹrẹ̀ jìnnà sí etíkun, níbi tí àmì àbímọ́ ti mú kí ó dà bí ẹni pé ti òkun ni ó gbilẹ̀ jù. Ohun tí ó tú àṣírí náà ni ẹlẹ́rìí kejì: lígínì, èròjà tí ó ń mú igi àti koríko le, tí ewéko àìfojúrí kò ní. Níbi tí a bá ti bá lígínì, ilẹ̀ ti dé ibẹ̀. Ẹlẹ́rìí mìíràn ni bí káábọ̀nù ti pọ̀ sí náítírójìn: nínú ewéko àìfojúrí, átọ́ọ̀mù káábọ̀nù 106 ni ó máa ń wà fún náítírójìn 16, nínú igi, káábọ̀nù pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì.

Ọ̀rọ̀ náà kàn wá nílé pẹ̀lú. Odò Ọya ń gba ilẹ̀ ọ̀dàn kọjá láti ọ̀nà jíjìn kí ó tó dé igbó àti ẹrẹ̀ etíkun. Ẹni tí ó bá fẹ́ wọn àtarawá nínú òkun níbi tí Ọya ti ń wọlé, tí ó sì gbẹ́kẹ̀ lé àmì àbímọ́ nìkan, inú ọ̀fìn tí a ṣàpèjúwe yìí ni ó ń lọ. Bí ọ̀rọ̀-ìperí tí a fi kọ́ ọ bá ti sọ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ pé àwọ̀ ìyẹ́ ni òun ń wò, pé kì í ṣe àkísà ẹsẹ̀, yóò mọ̀ pé kí òun wá ẹlẹ́rìí kejì.

8. Iṣẹ́ ni ó ni orúkọ, kì í ṣe ajọnípò

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ló dé tí a kò kúkú pe káábọ̀nù-14 ní àmì àfisí, kí a sì pe káábọ̀nù-13 ní àmì àbímọ́, kí ọ̀rọ̀ tán. Kò ṣeé ṣe. Ní 1983, Hama àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan fi káábọ̀nù-13 sínú ìgò omi òkun láti wọn iṣẹ́ ewéko àìfojúrí, gẹ́gẹ́ bí Steemann Nielsen ti ṣe pẹ̀lú káábọ̀nù-14. Níbẹ̀, àmì àfisí ni káábọ̀nù-13. Ní 1987 ẹ̀wẹ̀, Williams àti Druffel wọn káábọ̀nù-14 tí ó wà nínú àtarawá yíyòrò ní ìsàlẹ̀ òkun Pàsífíìkì, láìfi nǹkan kan sí i. Wọ́n bá a pé ọjọ́ orí rẹ̀ ní ìwọ̀n káábọ̀nù-14 tó nǹkan bí ọdún 6,000. Níbẹ̀, àmì àbímọ́ ni káábọ̀nù-14.

Èsì yìí jọni lójú. Omi ìsàlẹ̀ òkun fúnra rẹ̀ kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kí ó tó yí padà dé òkè. Èyí fi hàn pé àtarawá yíyòrò a máa bá omi yí òkun po ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kí ó tó tán. A kò lè fi àmì àfisí rí èyí láé, nítorí pé kò sí ẹni tí ó lè gbé ìgò kalẹ̀ fún ẹgbẹ̀rún ọdún mẹ́fà.

9. Àkójọ ọ̀rọ̀

Ajọnípò: àwọn átọ́ọ̀mù èròjà ìpìlẹ̀ kan náà tí iye niútírọ́ọ̀nù wọn yàtọ̀.

Ajọnípò aláìyẹ̀: èyí tí kì í yí padà di èròjà mìíràn.

Ajọnípò onítànṣán: èyí tí ń tú ìtànṣán jáde, tí ó sì ń di èròjà mìíràn díẹ̀díẹ̀.

Àmì àbímọ́: ìyàtọ̀ tí ẹ̀dá fi sí ara èròjà, tí a fi ń wá orírun rẹ̀ tàbí ọjọ́ orí rẹ̀.

Àmì àfisí: ajọnípò tí onímọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi sínú omi láti mọ bí iṣẹ́ ti ń yára tó.

Èròjà àtarawá: èròjà oníkáábọ̀nù tí ó ti ara ohun ẹlẹ́mìí jáde, ìbáà yòrò, ìbáà má yòrò.

Ewéko àìfojúrí: ohun ẹlẹ́mìí kékeré inú omi tí ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣe oúnjẹ.

Ìyànláàyò: fífa ajọnípò tí ó fúyẹ́ ju èyí tí ó wúwo lọ.

Ìyàtọ̀ nínú ẹgbẹ̀rún: iye tí èròjà kan fi dín tàbí tí ó fi lé sí òṣùwọ̀n, bí a bá pín òṣùwọ̀n sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún.

10. Àsọkágbá

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé títúmọ̀ ọ̀rọ̀ òkèèrè ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ẹni tí ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-ìperí. Níbi tí èdè òkèèrè ti da nǹkan méjì pọ̀, kò di dandan kí a bá a dà wọ́n pọ̀. Níbi tí èdè wa ti ní ọgbọ́n tí ó ju tiwọn lọ, gẹ́gẹ́ bí ti "dín" àti "lé" nínú òǹkà, kí a lò ó. Àwọn ọ̀rọ̀ tí a dábàá yìí kò já mọ́ nǹkan bí wọ́n bá dúró sórí ìwé nìkan. Kí àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì gbé wọn wọ kíláàsì, kí wọ́n fi wọ́n ṣe ìṣirò bí irú èyí tí ó wà ní ìpín 6 àti 7, kí wọ́n sì kíyè sí ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti kọsẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó bá mú akẹ́kọ̀ọ́ kọsẹ̀, kí a tún un dá.